Kókó kan, ère púpọ̀: ìtọ́sọ́nà fún agbẹ́re tó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dàgbà

Agbẹ́re tó gbẹ́ ẹyẹ lóṣù yìí, tó gbẹ́ ẹja lóṣù tó ń bọ̀, tó tún bọ́ sórí ojú ènìyàn lẹ́yìn ìyẹn, lè kó ère kún yàrá, síbẹ̀ kí gbogbo wọn wà ní ipò kan náà, ìyẹn ipò àkọ́ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ààyè dàgbà. Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tọ̀: kí a mú kókó kan ṣoṣo, kí a máa padà sídìí rẹ̀ lóṣù dé oṣù, lọ́dún dé ọdún, títí ìrísí tí a kò rò tẹ́lẹ̀ yóò fi yọjú. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, fún ẹni tó ń fi amọ̀, igi tàbí òkúta ṣiṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ sí àdàkọ lásán. Ẹni tó ń ṣe àdàkọ máa ń padà lọ wo nǹkan tó kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń mú ère dàgbà máa ń wo ère tó ṣe kẹ́yìn. Láti ìgbà kejì tàbí ìkẹta lọ, ère àná ló gbọ́dọ̀ jẹ́ àwòṣe fún tòní. Bí ẹ bá di èyí mú, ìdí tí àwọn ìgbésẹ̀ tó kù fi wà yóò yé yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn dé. Constantin Brancusi, ọmọ ilẹ̀ Romania tó lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ ní Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹyẹ ní nǹkan bí ọdún 1910. Maiastra ló pe ẹyẹ àkọ́kọ́ yẹn, orúkọ ẹyẹ abàmì kan nínú àlọ́ ilẹ̀ wọn. Ẹyẹ ni lóòótọ́: àyà rẹ̀ yọ síwájú, ọrùn rẹ̀ nà, ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tó ń kọrin. Nígbà tó fi máa di 1919 tó ń ṣe Golden Bird, ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ ti wọnú ara lọ, ohun tó kù ti di ara kan tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ní 1923, Bird in Space àkọ́kọ́ jáde. Kò lójú, kò níyẹ̀ẹ́, kò lẹ́sẹ̀. Ara gígùn kan ni, ó wú díẹ̀ láàárín, ó sún kì nísàlẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ó tún fẹ̀ díẹ̀ kó tó kanlẹ̀. Lókè pátápátá, wọ́n gé e gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ wo ibi gígé yẹn dáadáa: ẹnu tó là lára Maiastra ló di bẹ́ẹ̀. Ohun tí Brancusi ṣe ni pé ó yọ ohun gbogbo tí kì í ṣe fífò kúrò, àmọ́ kò lè mọ ohun tó yẹ kó yọ ní 1910. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló fi èyí tó kàn hàn án. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀kan nínú wọn wọ Amẹ́ríkà ní 1926, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kọ̀ láti gbà pé ère ni, wọ́n bu owó ibodè lé e bí ohun èlò irin. Ilé ẹjọ́ ló wá dájọ́ ní 1928 pé iṣẹ́ ọnà ni. Bí àwọn òṣìṣẹ́ náà bá ti rí gbogbo ẹyẹ yẹn ní títò tẹ̀ léra, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ì bá bèèrè ohun tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan kókó tó lè gbé yín jìnnà

Kókó tó dára kì í ṣe ìtàn. "Ìyá tó ń sunkún ọmọ tó kú" jẹ́ ìtàn. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. "Ara kan tó rọ̀ jọwọrọ lórí itan ara mìíràn" ni kókó, nítorí pé ìwúwo wà nínú rẹ̀, ibi tí nǹkan ti ń fà wálẹ̀ àti ibi tí nǹkan ti ń gbà á dúró. Ẹ dán ohun tí ẹ fẹ́ yàn wò báyìí: ẹ kọ gbólóhùn kan péré nípa rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó lágbára jù nínú gbólóhùn náà jẹ́ ohun tí ara ń ṣe. Ó dúró. Ó fara ti ògiri. Ó dùbúlẹ̀. Ó ká jọ. Ó ń gòkè. Bí ẹ kò bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá kókó mìíràn.

Henry Moore, agbẹ́re ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yan ara tó dùbúlẹ̀ tó fi ìgbúnwọ́ tilẹ̀. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni èyí tó fi òkúta gbẹ́ ní 1929, tó wà ní ìlú Leeds, ó sì ń padà sórí kókó yìí títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Yíyàn tó gbọ́n ni. Ara tó dúró máa ń dẹ́rù ba agbẹ́re: bí ẹsẹ̀ bá tínrín jù, ó lè ṣẹ́. Ara tó jókòó gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó jókòó lé. Ṣùgbọ́n èyí tó dùbúlẹ̀ ti fọkàn balẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹ lè lu ihò sí i láyà, ẹ lè gbé orúnkún rẹ̀ ga bí òkè, kò ní ṣubú. Moore fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé nígbà tí kókó ti wà nílẹ̀, òun bọ́ lọ́wọ́ wàhálà wíwá ohun tí òun máa ṣe, gbogbo ọkàn òun sì wà lórí ìrísí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dá a lábàá pé kó mú orí ènìyàn kan tó máa ń wà nítòsí, tí kò sì ní kọ̀ láti jókòó. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó mú ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tí kò fi ṣiṣẹ́. Ẹ yẹra fún kókó tí ẹ̀wà rẹ̀ wà nínú aṣọ, irun dídì tàbí ohun ọ̀ṣọ́, nítorí pé nǹkan wọ̀nyẹn ni yóò kọ́kọ́ lọ nígbà tí ìrísí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ẹ sì yẹra fún ohun tó jẹ́ iwájú nìkan ló ní ohun tó fẹ́ sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí ère àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́

Ìdánwò tó máa ń dojú kọ ènìyàn níbí ni pé kó fo ère àkọ́kọ́ dá, kó lọ tààrà síbi ìrísí tó ti di fẹ́ẹ́rẹ́, tó ti dán. Ẹ má ṣe é. Ara tí ẹ kò tíì mọ̀ kò ṣeé dín kù, nítorí ẹ kò mọ ohun tó ń gbé e ró. Ère àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ ti ń kó ìmọ̀ jọ.

Ẹ mọ ọ́n ní amọ̀, ní ìwọ̀n tí ọwọ́ lè yí ká, bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 35. Ẹ lọ́ wáyà alumíníọ́mù méjì pọ̀ kó dúró bí egungun, kí ẹ kàn án mọ́ pákó, kí ẹ sì rí i pé kò yọ síta níbi tó ṣeé ṣe kí ẹ fẹ́ gé lọ́la. Ẹ gbé pákó náà sórí nǹkan tó ń yí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ yí ère, kí ẹ sì yí ipò tí ẹ̀yin náà dúró sí sí ẹni tí ẹ ń wò. Ẹni tó bá dúró sójú kan yóò ṣe àwòrán tó wú, kò ní ṣe ère.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ gbé iná kan sẹ́yìn ère nínú òkùnkùn. Gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ yóò parẹ́, òjìji dúdú nìkan ni yóò kù. Ẹ ya òjìji yẹn sínú ìwé, láti ìhà mẹ́jọ. Ìwé mẹ́jọ yìí ni ẹ óò máa fi ṣe àfiwé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà sídìí kókó náà, nítorí pé òjìji ni ibi tí ìrísí ti kọ́kọ́ ń yí padà, kí ojú tó rí i lára ère gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tọ́jú ipò tí ère wà kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án

Ibí yìí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń kú. Ènìyàn parí ère amọ̀, ó sùn, ó jí, ó rí ohun tó lè tún ṣe, ó sì gé e. Ohun tuntun náà lè dára, ṣùgbọ́n ti àná ti lọ, kò sí ohun tí a óò fi díwọ̀n bóyá ìlọsíwájú ni tàbí ìfàsẹ́yìn.

Ní 1956, nígbà tí Alberto Giacometti, agbẹ́re ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ń múra sílẹ̀ fún àfihàn ńlá ìlú Venice, ó ń mọ ara obìnrin kan tó nàró ṣánṣán, lórí egungun wáyà kan náà, pẹ̀lú amọ̀ kan náà. Ó ń mọ ọ́n, ó ń tú u, ó tún ń mọ ọ́n. Nígbà tí ìrísí kan bá tẹ́ ẹ lọ́rùn fún ìgbà díẹ̀, Diego àbúrò rẹ̀ á da ẹ̀dà rẹ̀ ní POP (plaster of Paris, ìyẹ̀fun funfun tí a ń pò mọ́ omi, tó sì ń le), Alberto á sì tún padà sórí amọ̀ yẹn. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló di ère idẹ tí a ń pè ní Women of Venice. Bí wọ́n bá tò wọ́n, ojú á kọ́kọ́ sọ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Lẹ́yìn náà lẹ óò rí i pé ti ẹnì kan ìbàdí ló gbé gbogbo ìwúwo, ti ẹlòmíràn èjìká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ dànù, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn sì tóbi bí àpáta lábẹ́ ara tó rí bí igi gbígbẹ. Láìsí Diego àti POP, obìnrin kan ṣoṣo là bá ní, ẹni ìkẹyìn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti da ẹ̀dà amọ̀ tútù ni mọ́ọ̀dù, ìyẹn èèpo POP tó yí ère ká, tí a óò fọ́ dànù. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, kí ẹ kì wọ́n bọ inú amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti àtàrí gba èjìká wá dé ìdí, kí wọ́n lè pín iwájú sí ẹ̀yìn. Ẹ bu omi sínú bàsíà, kí ẹ sì máa fọ́n POP lé e díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ lórí omi bí erékùṣù. Ẹ má ṣe da omi sórí POP, yóò ṣù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ tó fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ rọra rò ó lábẹ́ omi, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Àkọ́kọ́ tí ẹ óò lẹ̀ mọ́ ère, ẹ po àwọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tó bá le, ẹ fi omi amọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún níbì kan níbì kan, kí ẹ tó lẹ POP funfun lé e ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Tó bá ti le tán, ẹ là á níbi páànù, ẹ kó amọ̀ kúrò, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ kùn ún dáadáa, ẹ dì í pọ̀, ẹ da POP tuntun sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ṣísù tí kò mú àti òòlù kékeré máa ṣá ara òde. Tí ẹ bá ti rí àwọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ ti sún mọ́ ara ère, ẹ rọra.

POP máa ń gbóná bó ṣe ń le, nítorí náà, ẹ má ṣe da á bo ọwọ́ tàbí ojú ènìyàn ní nínípọn láé. Ẹ fi ìbòmú bo imú nígbà tí ẹ bá ń fọ́n ọn, ẹ má sì da èyí tó ṣẹ́ kù sínú páìpù omi ẹlẹ́gbin. Yóò dí i pa.

Ẹ ya fọ́tò náà pẹ̀lú, láti ojú ibi kan náà, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tí fóònù dúró sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sí abẹ́ ẹ̀dà POP.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ère kan, ìbéèrè kan

Ẹ̀dà POP ti wà nílẹ̀ wàyí. Ẹ da méjì bí ẹ bá lè da á: ọ̀kan á wà lórí pẹpẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án; èkejì lẹ óò máa gé. Ẹ wò ó fún ọjọ́ díẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí ère ti ń ṣiyèméjì, ibi tí nǹkan méjì ti ń jà fún ipò kan. Ẹ wá sọ ọ́ di ìbéèrè, ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri níwájú yín.

Ohun tí ìbéèrè kan lè ṣe hàn kedere lára ère mẹ́rin tí Henri Matisse, ayàwòrán àti agbẹ́re ilẹ̀ Faransé, mọ nípa ẹ̀yìn obìnrin, The Backs. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì ní gíga, obìnrin kan sì ni gbogbo wọn, tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tó gbé apá òsì sókè tó sì fi orí tì í lára ògiri. Ó ṣe àkọ́kọ́ láàárín 1908 sí 1909, èkejì ní 1913, ìkẹta ní 1916, ìkẹrin ní nǹkan bí 1930. Lórí ẹ̀dà POP èyí tó ṣáájú ló ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e.

Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn tẹ̀, ìbàdí kan yọ, iṣan hàn lábẹ́ awọ. Ara tó wúwo tó sì ti rẹ̀ ni. Nínú èkejì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ara yẹn sí ojú pẹrẹsẹ pẹrẹsẹ, ọ̀pá ẹ̀yìn sì ti ń nà. Ìkẹta ni ohun ìyanu: irun obìnrin náà já wálẹ̀ láti orí, ó gùn dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì gba ibi tí kòtò ọ̀pá ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó jẹ́ kòtò ti di òkè. Nígbà tó fi máa di ìkẹrin, ìrù irun yẹn ti di òpó tó dúró láàárín, ara sì ti di òpó méjì lọ́tùn-ún lósì, tí orí pàápàá bá òpó àárín lọ. Bí mo ṣe kà á sí, ìbéèrè kan náà ló ń tọ̀ láti òkè délẹ̀: kí ló ń mú ẹ̀yìn yìí dúró? Bí a bá sọ fún un ní 1908 pé irun ni ìdáhùn, kò dájú pé yóò gbà. Ó ní láti kọ́kọ́ ṣe kòtò yẹn, kó nà án, kó tó lè rí i pé nǹkan tó nà tó báyìí lè yọ síta.

Àwọn ìbéèrè tó máa ń bímọ rèé, bí ẹ kò bá rí tiyín. Ibo ni ìwúwo wà, ṣé ibi tó yẹ kó wà nìyẹn? Bí apá bá lẹ̀ mọ́ ara pátápátá ńkọ́? Ihò tó wà láàárín apá àti ìhà, bí mo bá mọ òun fúnra rẹ̀ bí ohun tó ní ara, báwo ló ṣe máa rí? Èwo nínú ìhà mẹ́jọ ló rẹ̀wẹ̀sì jù? Kí ni mo lè yọ tí gbólóhùn ìgbésẹ̀ kìíní á ṣì jẹ́ òótọ́?

Láti gé POP, ayùn, fáìlì tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò àti ọ̀bẹ tó. Láti fi kún un, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ojú ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi imú ọ̀bẹ ha á. POP gbígbẹ máa ń fa omi inú èyí tuntun mu lójú ẹsẹ̀, èyí tuntun á sì ṣí kúrò bí èépá.

Bí ìbéèrè kejì bá yọjú lágbedeméjì iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ère tó kàn. Mo tẹnu mọ́ ọn. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kì í mọ èyí tó yanjú ère, kì í sì mọ èyí tó bà á jẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mú kókó náà lọ sínú ohun mìíràn

Lẹ́yìn ère mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ohun kan náà, ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀nà jù. Àkókò tó láti yí ohun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ padà. Amọ̀ ń gba àfikún, òkúta kì í gbà á. Igi ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, bí ẹ bá sì gbẹ́ ẹ lòdì sí i, á ya. Idẹ lágbára ju òkúta lọ níbi tó bá tínrín, nítorí náà ọrùn ẹsẹ̀ tó rọrùn láti dà ní idẹ lè já ní òkúta mábù.

Àtakò tí ohun èlò ń ṣe yìí ló ń dá ìrísí sílẹ̀. Nígbà tí Moore mú ara tó dùbúlẹ̀ bọ́ sínú igi kan tí wọ́n ń pè ní elm, tí ọ̀kan nínú wọn, ti 1939, wà ní Detroit ní Amẹ́ríkà, ìlà inú igi náà ń ṣàn gba èjìká àti orúnkún lọ bí omi, ihò sì ṣí sílẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, débi pé ara di ihò àti afárá. Ní òpin àwọn ọdún 1950, ó pín ara kan náà sí méjì tó dá dúró, orí àti àyà níhìn-ín, ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún bí àpáta etíkun, àlàfo láàárín wọn. Ojú wa ló ń so wọ́n pọ̀. Ẹ ronú wò: ta ni yóò gbójú gbé ara obìnrin pín sí méjì ní ọjọ́ kìíní? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbẹ́ ẹ, tó sì ń lu ihò sí i, ìgbésẹ̀ kékeré ló kù.

Òkúta ní ọ̀ràn tirẹ̀: kò ṣeé tọ́jú ipò. Ohun tí ẹ gé ti lọ. Pietà Rondanini, tí Michelangelo, agbẹ́re ilẹ̀ Ítálì, ṣì ń gbẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú ní February 1564, ń fi èyí hàn. Kókó tó ti gbẹ́ ní ọ̀dọ́ ni, Màríà àti òkú Jésù. Nínú Pietà ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tó wà ní Vatican, tó parí ní 1499, òkú náà nà gbọọrọ lórí itan ìyá rẹ̀, gbogbo iṣan àti aṣọ ń dán. Nínú ti Rondanini, àwọn méjèèjì dúró ní òró, ara ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara ìyá, wọ́n tínrín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, apá kan dá dúró tí kò so mọ́ ara ẹnikẹ́ni. Apá Jésù láti inú ìrísí ìṣáájú ni. Agbẹ́re ti gé ara yẹn kúrò, ó ti wá ara tuntun jinlẹ̀ sí i nínú òkúta kan náà, apá àtijọ́ sì kù síbẹ̀. Bí òkúta bá ni ohun èlò yín, ẹ gbẹ́ àwòṣe kékeré ní POP ṣáájú gígé kọ̀ọ̀kan tí kò ṣeé dá padà, kí ẹ sì ra òkúta tó tóbi ju èyí tí ẹ rò pé ẹ nílò.

Yíyí ìwọ̀n padà náà wà lábẹ́ ìgbésẹ̀ yìí. Ẹ ṣe kókó náà ní gíga àtàǹpàkò, kí ẹ sì ṣe é ní gíga ọmọdé. Ní kékeré, ohun tí kò ṣe pàtàkì kò ní rí àyè. Ní ńlá, ibi tí ẹ kò tíì ronú lé yóò hàn bí pápá tó ṣófo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gé e, ẹ yí i, ẹ so ó pọ̀

Èyí kò gba àkókò, àmọ́ ó máa ń tú ohun tó ti dì. Ẹ da ẹ̀dà mẹ́ta ère kan, kí ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìhà ọ̀tọ̀, kí ẹ gbé wọn sún mọ́ra. Auguste Rodin, agbẹ́re ilẹ̀ Faransé, ṣe é bẹ́ẹ̀: àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó dúró lókè Gates of Hell, ilẹ̀kùn ńlá rẹ̀ tó kún fún ère, ẹnì kan náà ni wọ́n, ẹ̀dà mẹ́ta tí a yí. Ẹni tó bá wò wọ́n rò pé ẹni mẹ́ta ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ tún gé orí àti apá kúrò lára ẹ̀dà kan, kí ẹ wo bóyá gbólóhùn ìgbésẹ̀ kìíní ṣì dúró. Bó bá dúró, ẹ ti mọ̀ pé orí àti apá kò pọn dandan nínú ìrísí tiyín.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ tò wọ́n, kí ẹ kà wọ́n

Nígbà tí ẹ bá ti ní márùn-ún ó kéré tán, ẹ kó gbogbo wọn jáde. Ẹ tò wọ́n sórí pẹpẹ kan bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan, kí ojú wọn wà ní gíga kan náà, ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ya òjìji wọn sí orí ìwé kan ṣoṣo, ọ̀kan lórí èkejì.

Ẹ wá kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀. Ohun tó ti lọ tí kò padà wá. Ohun tó lọ, tó sì padà wá ní ojú mìíràn, bí ẹnu ẹyẹ tó di gígé àti kòtò ẹ̀yìn tó di irun. Ohun tó wà lára gbogbo wọn láìyẹsẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kókó yín gan-an, ó sì lè má jẹ́ ohun tí ẹ kọ sí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó rò pé orí ènìyàn lòun ń ṣe lè rí i pé ọrùn tó na síwájú ló ń lé kiri láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa gbólóhùn àtijọ́ rẹ́, ẹ kọ tuntun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ tún wá ibi tí ìdàgbàsókè ti dúró. Àmì rẹ̀ ni pé ère méjì tẹ̀ léra, èkejì dán ju àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ òjìji wọn bára dọ́gba. Dídán kì í ṣe ìdàgbà. Àmì mìíràn ni pé ẹ lè fi ojú dídì mọ ère tó kàn.

Bí ọwọ́ bá ti ń ṣe é láìrò

Oògùn mẹ́ta ni mo mọ̀ fún èyí. Èkíní ni kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹ̀dá alààyè. Giacometti ń padà sọ́dọ̀ Diego tó jókòó níwájú rẹ̀ jálẹ̀ ayé rẹ̀, kò sì fi ìgbà kan rò pé òun ti mọ orí yẹn tán. Nígbà tí ẹ bá padà lọ wo ẹni tí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn ère márùn-ún, ẹ óò rí ohun tí ẹ kò rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn ère yẹn ti kọ́ ojú yín.

Èkejì ni iṣẹ́ láti inú ìrántí: ẹ fi aṣọ bo gbogbo ẹ̀dà, kí ẹ mọ kókó náà láìwo nǹkan kan. Ohun tí ọkàn gbàgbé kì í sábà pọn dandan. Matisse mọ orí obìnrin kan ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Jeannette, láàárín 1910 sí 1916. Obìnrin náà wà níwájú rẹ̀ fún méjì àkọ́kọ́, kò sí níbẹ̀ fún mẹ́ta tó kù. Nínú ìkẹta àti ìkẹrin ni irun ti di òkìtì òkìtì, tí imú àti ojú sì tóbi kọjá ti ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni ìsinmi, èyí ló sì ṣòro jù fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ẹ̀yìn kẹta àti ìkẹrin Matisse, bí ọdún mẹ́rìnlá ló kọjá. Ẹ gbé ẹ̀dà tó kẹ́yìn sí ibi tí ẹ ti ń kọjá lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa ṣe nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kan ẹ óò rí ibi tó ń ṣiyèméjì láìwá a.

Bí kókó bá kọjá ara rẹ̀

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ìrísí yín dàgbà débi tí kì í fi í ṣe ère tó dúró lórí àpótí mọ́. Brancusi gbẹ́ The Kiss àkọ́kọ́ láàárín 1907 sí 1908: òkúta kan, ènìyàn méjì tó dì mọ́ra, ìlà kan ló pín wọn, ojú wọn méjèèjì sì pàdé, ìdajì ti ọ̀kan, ìdajì ti èkejì. Ó ṣe òmíràn ní 1909, tó wà lórí sàréè kan ní itẹ́ òkú Montparnasse ní Paris, tó sì fi ẹsẹ̀ kún un. Ó ń padà sórí rẹ̀, ó ń dín in kù. Ní 1938, ní ìlú Târgu Jiu ní Romania, ó gbé ẹnu ọ̀nà olókùúta kan ró tí ènìyàn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lára òpó rẹ̀ ni ojú méjì tó pàdé yẹn ti di róbótó ńlá kan tí ìlà là sí méjì, àwọn ènìyàn méjèèjì sì tún wà lára ìtẹ́rígbà òkè, wọ́n ti di ìlà tí a fín sínú òkúta.

Bí irú èyí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́wọ́ yín, bí ìpín kan lára ère bá ń bẹ̀bẹ̀ láti dá dúró, ẹ da ẹ̀dà ìpín yẹn nìkan, kí ẹ mọ ọ́n ní ìwọ̀n mẹ́ta, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà kìíní tirẹ̀ lábẹ́, kí ẹ sì kọ gbólóhùn tuntun fún un sára ògiri. Àwọn ère àtijọ́ á wà lórí pẹpẹ wọn bí ẹ ṣe tò wọ́n, torí pé ẹ ṣì máa nílò wọn fún ìdíwọ̀n.